Ẹ Bi Wá: Ṣé òtútù ló ba ṣájà mi jẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Minneapolis ni mò ń gbé. Kámẹ́rà ẹ̀yìnkùlé mi ń lo bátìrì lithium 18650 kan. Sólà kékeré ló ń ṣájì í, bọ́ọ̀dù TP4056, tí ṣíìpù tó ń darí ṣájì wà lórí rẹ̀, ló wà láàárín wọn. Nígbà ooru, ó ń lo ọjọ́ mẹ́ta láìrí oòrùn. Lẹ́yìn ìgbà òtútù kan péré, kò lo ọjọ́ kan mọ́. Ṣé ṣíìpù ló ti bàjẹ́?

Ìdáhùn: Kò sí ohun tó ṣe ṣíìpù yín, títí dé -40°C ni wọ́n ṣe é fún. Bátìrì ló forí fá a. Bó bá ti tutù ju 0°C lọ tí ẹ sì ń ṣájì í, lithium kì í ráyè wọnú graphite (èédú inú bátìrì tó máa ń gbà á mọ́ra) mọ́. Ara graphite ló ń lẹ̀ mọ́ lóde, á sì di irin. Bí bátìrì bá tilẹ̀ móoru padà, púpọ̀ nínú irin yẹn kì í padà sípò. Tó bá pọ̀, ó lè hu ẹ̀gún tí yóò gún awọ tó pín inú bátìrì sí méjì, kí bátìrì ṣọ́ọ̀tì. Nítorí náà, ẹ pààrọ̀ bátìrì yẹn.

Ohun tó dùn wá ni pé ṣíìpù yìí mọ bí a ṣe ń dúró. Bí fótéèjì ẹsẹ̀ 1 rẹ̀, TEMP (èyí tó fi ń mọ bí bátìrì ṣe gbóná tàbí tutù tó), bá ju ìdá 80 nínú 100 fótéèjì tó ń wọlé lọ, tàbí tí kò tó ìdá 45, ó ń dá ṣájì dúró. Àmọ́ lórí bọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú, wọ́n so ẹsẹ̀ yẹn mọ́ GND (ìhà òdì, ìyẹn negative). Bó bá ti wà lára GND tààrà, ṣíìpù kì í ka ẹsẹ̀ yẹn mọ́, á kàn máa ṣájì lọ. Wọ́n di ṣíìpù lójú nìyẹn.

Ẹ fi irin sọ́dà gbóná ẹsẹ̀ 1, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ gbé e kúrò lára bọ́ọ̀dù. Ẹ so resistor 5.6 kΩ láti ẹsẹ̀ 4 (VCC, ibi tí iná ń gbà wọlé) wá sí i, kí ẹ so 100 kΩ láti ara rẹ̀ lọ sí GND. Thermistor (resistor tí kΩ rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ bó bá ń gbóná, tó sì ń lọ sókè bó bá ń tutù) NTC 10 kΩ, B 3435, ni kí ẹ so pọ̀ mọ́ 100 kΩ yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ṣájì á máa dúró bí bátìrì bá tutù ju nǹkan bí 0°C lọ, tàbí bó bá gbóná ju nǹkan bí 45°C lọ. Ara bátìrì ni kí ẹ lẹ thermistor mọ́: ṣíìpù máa ń gbóná, bó bá wà nítòsí rẹ̀, irọ́ ni yóò máa pa.

Ẹ dán an wò. Ẹ wé thermistor sínú nylon, kí ẹ rì í sínú yìnyín tí ẹ fọ́, tí ẹ bu omi àti iyọ̀ sí. Iná méjèèjì lórí bọ́ọ̀dù á kú. Ẹ dì í mọ́wọ́, pupa, èyí tó ń fi hàn pé ó ń ṣájì, á padà tàn.

Ìbéèrè: BQ24074 ni ṣíìpù ṣájà tèmi, ó máa ń dákẹ́ láàárọ̀. Wọ́n ní kí n fi resistor 10 kΩ rọ́pò thermistor.

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. 75 µA ni ṣíìpù yẹn ń rán gba inú thermistor. Ní 0°C, thermistor á ti tó 28 kΩ, fótéèjì á dé 2.1 V, ṣájì á dúró. Bó bá jẹ́ 10 kΩ ló wà níbẹ̀, 0.75 V ló máa rí títí, bí ẹni pé 25°C ni, ìbáà jẹ́ -25°C. Ẹ gbé bátìrì wọlé, kí ẹ fún un ní wákàtí méjì kó móoru dénú kí ẹ tó ṣájì í.