Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́ Èsì: Iye Ìbò Tá A Fọwọ́ Kà Kò Dọ́gba

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n fi mí ṣe olórí àwọn tó máa fọwọ́ ka ìbò kánsẹ́lọ̀ ní wọ́ọ̀dù wa. A fi bébà lásán dánra wò. Èmi àti ẹnì kejì mi ka òkìtì kan náà, èmi rí 212, òun rí 209. A tún un kà, 211 ló jáde. Olùkọ́ ni mí, ìṣirò kì í ṣe ìṣòro mi. Kí ló ń ṣe wá?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, kò sóhun tó ń ṣe yín. Ẹni tó bá ń ka ohun tó lé ní 200 láìdúró, tí ariwo ń lọ, tí wọ́n ń pè é lọ́tùn-ún lósì, dandan ni kó ṣì í kà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó nídìí tábìlì ìkàbò, mi ò tíì pàdé ẹni tí ojú rẹ̀ mú débi tí kì í ṣì í kà. Ẹ to iṣẹ́ náà lọ́nà tí àṣìṣe ò fi ní ríbi sá pa mọ́ sí.

Kẹ́ ẹ tó wo orúkọ olùdíje kankan, ìwé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà. Ká ní 500 ìwé ìdìbò ni wọ́n kó fún ibùdó kan. Wọn ò lo 137, àwọn olùdìbò ba 4 jẹ́, wọ́n dá a padà, wọ́n gba òmíràn. A jẹ́ pé 359 ló gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí. Bẹ́ ẹ bá bá 358, ẹ má tíì ka ìbò fẹ́nikẹ́ni. Ẹ gbọn àpótí náà, ẹ wo ìsàlẹ̀ tábìlì, kẹ́ ẹ sì tú àwọn ìwé tí wọ́n ṣẹ́ po, torí ọ̀kan sábà máa ń há sínú ìkejì. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń rí ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n ní ó sọnù.

Ẹ wá yà wọ́n sọ́tọ̀ fún olùdíje kọ̀ọ̀kan, kójú ìwé wà lókè, káwọn aṣojú olùdíje lè máa rí i. Òfin ìdìbò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá pa á láṣẹ pé ojú ìwé ni kó wà lókè bí wọ́n bá ń ka ìbò. Èyí tó bá rú yín lójú, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tẹ́ ẹ bá yà wọ́n tán, kí ẹlòmíì yẹ òkìtì kọ̀ọ̀kan wò léwé-léwé láì kà á, kó kàn máa wá ìwé tó ṣìnà wọbẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fo ibí yìí. Ìwé 1 tó bọ́ sí òkìtì ẹlòmíì ti fi 1 dín ti ẹnì kan kù, ó ti fi 1 kún ti ẹnì kejì, síbẹ̀ àpapọ̀ yín á ṣì jẹ́ 359. Ìṣirò ò lè tú u fó, àfi ojú.

Ẹ wá dì wọ́n ní 25, 25. Ẹni àkọ́kọ́ á kà á, á fi rọ́bà dì í, á sì kọ orúkọ olùdíje àti ti ara rẹ̀ sórí bébà kékeré kan tó máa fi há a. Ẹnì kejì á tú u, á máa gbé e kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe kó fìka ṣí etí rẹ̀ gààràgà. Èyí tí kò pé 25 tó ṣẹ́ kù, ẹ má ṣe sọ iye rẹ̀ fún ẹnì kejì kó tó sọ tiẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ 17, 17 lọwọ́ rẹ̀ máa kà. Bí iye ò bá dọ́gba báyìí, 25 péré lẹ máa tún kà, kì í ṣe 212.

Bó bá jẹ́ pé ipò bíi mẹ́rin ló wà lórí ìwé kan náà, yíyà sọ́tọ̀ ò ní ṣeé ṣe. Ẹnì kan á máa kà á sókè, ẹnì kan á máa wo ìwé náà pẹ̀lú rẹ̀, àwọn méjì á máa fa ìlà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Níbi ìlà karùn-ún, káwọn méjèèjì pariwo “márùn-ún!” lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ohùn wọn ò bá bọ́ sí i pa pọ̀, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ wá a.

Ẹ má jẹ́ kí bírò tó jọ ti olùdìbò wà lórí tábìlì. Tẹ́ ẹ bá sì ń ro àpapọ̀, tí ìyàtọ̀ tẹ́ ẹ rí ṣeé fi 9 pín láìṣẹ́kù, ẹ wò ó bóyá ẹnì kan yí nọ́ńbà po. Ẹni tó kọ 69 dípò 96 ti sọ 27 nù.

Ní ti àwọn ìwé tó rú yín lójú, ẹ má dá a pín. Iwájú gbogbo aṣojú ni kí ọ̀gá tí òfin yàn ti wò ó. Lọ́dún 2017, níbi ìdìbò ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà, wọ́n tún ìbò kà, Shelly Simonds fi ìbò 1 ṣáájú David Yancey, 11,608 sí 11,607. Ìwé kan wà tí olùdìbò ti kun ojú ibi orúkọ àwọn méjèèjì, àmọ́ tó fa ìlà kọjá lórí ti Simonds. Àwọn adájọ́ gbà pé Yancey ló dìbò fún. Iye bá dọ́gba, wọ́n fi orúkọ àwọn méjèèjì sínú abọ́, wọ́n sì mú ọ̀kan ní January 4, 2018. Ti Yancey ló jáde.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé kò ní sàn ká kúkú gbé e fún ẹ̀rọ?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀rọ yá ju ọwọ́ lọ, pàápàá tí ipò bá pọ̀ lórí ìwé, kì í sì í rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2009, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin ilẹ̀ Jámánì dájọ́ pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi dìbò lọ́dún 2005 kò bá òfin mu, torí ará ìlú tí kò mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ kò lè fojú ara rẹ̀ rí bí ìbò ṣe di iye. Ohun tí mo fara mọ́ ni ẹ̀rọ tó ń ka ìwé, tí wọ́n sì tọ́jú ìwé náà sábẹ́ èdìdì, ká lè mú díẹ̀ nínú rẹ̀, ká fọwọ́ tún un kà níṣojú àwọn aṣojú.