Èsì fún ẹni tó ń wá iye kòkó Èkìtì àti iye ọmọ tó wọ yunifásítì

Àbúrò mi, o ní o fẹ́ fi ìṣirò ìjọba wádìí bóyá ọdún tí kòkó bá pa owó wọlé láti òkè òkun ni ọmọ Èkìtì máa ń pọ̀ sí i ní yunifásítì, o sì ń bèèrè ibi tí o ti máa rí iye méjèèjì.

Ìyẹn kò le. NBS, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ìṣirò, ń gbé ìṣirò òwò ilẹ̀ òkèèrè jáde ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. UN Comtrade, àkójọ ìṣirò òwò ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní ti àwọn ọdún ẹ̀yìn. 1801 ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá kòkó mọ̀ níbẹ̀. Fún yunifásítì, wo JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì, àti Báńkì Àgbáyé. Bí o ṣe máa gbà wọ́n sórí kọ̀ǹpútà, o mọ̀ ọ́n.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní sọ fún ọ ni pé iye kòkó tí Èkìtì nìkan kó lọ sókè òkun kò sí. Mo wá a títí ó fi sú mi. Ọ́fíìsì ìjọba kan ní Adó ní kí n kọ lẹ́tà. Mo kọ ọ́. Wọ́n ní ọ̀gá kò sí nílé. Ọ̀gá dé, ó ní kí n lọ sí ọ́fíìsì mìíràn. Àwọn yẹn ní kí n padà síbi tí mo ti ń bọ̀. Owó ọkọ̀ láti Ìkọ̀lé kò jẹ́ nǹkan kan lójú wọn. Ká ní ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn là á yé mi pé kọ́sítọ́ọ̀mù ló ń ka ọjà, pé ibi tí ọjà ti ń jáde ni wọ́n ti ń kà á! Kòkó Ìkẹ́rẹ́ tí alágbàtà rà, tó gba Àkúrẹ́ kọjá dé èbúté Àpápá, Àpápá ni wọ́n máa kọ ọ́ mọ́. Owó oṣù ni wọ́n ń gbà láti mọ irú èyí, inú sì ń bí mi títí dòní.

Àkọsílẹ̀ àwọn tó ń yẹ kòkó wò ní ìpínlẹ̀ ló sún mọ́ ohun tí o ń wá jù, àmọ́ kòkó tí wọ́n yẹ̀ wò nìyẹn, kì í ṣe èyí tó wọ ọkọ̀ ojú omi.

Má fi náírà ṣe é o. Nígbà tí náírà já ní oṣù kẹfà 2023, iye owó fò sókè bí kòkó kò tilẹ̀ fi àpò kan pọ̀ sí i. Ní 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé. Tọ́ọ̀nù ni kí o kà, kí o sì ya owó sọ́tọ̀ ní dọ́là.

Ti JAMB náà ní ọ̀fìn tirẹ̀. Ìpínlẹ̀ tí bàbá ọmọ ti wá ni wọ́n ń kọ, kì í ṣe ibi tí ọmọ ń gbé. Ọmọ Èkìtì tí wọ́n bí sí Múṣin, ti Èkìtì ni. Ọmọ Ìgbìrà tó dàgbà sóko kòkó ní Ìkọ̀lé, ti Kogí ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó gba fọ́ọ̀mù kì í ṣe ẹni tó wọlé. Bí iye bá yí padà ní ọdún 2022 tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, fi oṣù mẹ́jọ daṣẹ́ sílẹ̀, má fi ẹ̀bi rẹ̀ kan kòkó.

Ìdá àwọn ọmọ tó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga tí Báńkì Àgbáyé ń gbé jáde, iye èèyàn tọ́jọ́ orí wọn tó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń pín in, 2006 la sì kànìyàn kẹ́yìn. Gbogbo Nàìjíríà lápapọ̀ ni o lè fi í ṣe, kì í ṣe Èkìtì nìkan. Sọ èyí fún olùkọ́ rẹ báyìí, kó tó di pé o kọ orí kejì iṣẹ́ ìwádìí rẹ.

Kí o sì kọ ọjọ́ tí o gba fáìlì kọ̀ọ̀kan sórí rẹ̀, torí NBS a máa tún iye tó ti gbé jáde tẹ́lẹ̀ ṣe.