Ọkọ mi dé ni mo kọ, ọkọ̀ mi dé ni wọ́n gbọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Kubwa, l'Ábújá níbí, ni mo ń gbé. Mo kọ orin ìgbéyàwó kan fún ẹgbẹ́ akọrin wa. "Ayọ̀ mi dé" ló bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ kìíní, "Ọkọ mi dé" ló bẹ̀rẹ̀ èkejì, ohùn kan náà la fi ń kọ méjèèjì. Bá a ṣe dé ẹsẹ kejì ni àwọn àgbà bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé ìyàwó ra mọ́tò ni. Níbo ni mo ti ṣì í?

ÌDÁHÙN: Ọ̀rọ̀ yín kò ní àléébù, ohùn ló yí i padà. Ẹ rọra pè é lẹ́nu: "ayọ̀ mi dé" jẹ́ re-do-re-mi, "ọkọ mi dé" jẹ́ re-re-re-mi. Sílébù kejì nìkan ni wọ́n ti yàtọ̀. Ohùn tí ẹ dá fún "ayọ̀" wálẹ̀ níbẹ̀, ẹ sì fi í fa "ọkọ" wálẹ̀, ló bá di ọkọ̀.

Nóòtì kan péré ni àtúnṣe rẹ̀. Ní ẹsẹ kejì, ẹ fi "ọ", "kọ" àti "mi" sórí nóòtì kan náà, kí "dé" wá gòkè. Ẹ lè fi "Ọlà mi dé" rọ́pò rẹ̀, torí òun náà jẹ́ re-do-re-mi, ṣùgbọ́n a kò gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀: ọkọ ni ìyàwó ń kí, ohùn ni kó yẹ̀ fún ọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ kọ gbogbo ẹsẹ tán kẹ́ ẹ tó dá ohùn. Ẹ sọ ọ́ sínú fóònù bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé, kẹ́ ẹ wá kọ d, r, m sábẹ́ sílébù kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnu ṣe pè é ni kẹ́ ẹ sàmì sí: "nílé" ni, kì í ṣe "ní ilé". Tó bá jẹ́ èdè Okun tàbí Ìgbómìnà lẹ fi ń kọrin, ti ilé yín ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé.

Àmì do kì í ṣe do orí dùùrù o. Ká gòkè, ká sọ̀ kalẹ̀, ká dúró sójú kan, òun ni etí ń wá. Bó ṣe máa jìn tó wà lọ́wọ́ yín. Tẹ́ ẹ bá ti mí, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ìlà tuntun níbi tó wù yín. Nínú "ọ̀rẹ́", ẹnu wa máa ń fa "rẹ́" gòkè, nítorí náà nóòtì méjì tó so mọ́ra máa ń bá a mu dáadáa.

Ẹ ṣọ́ alto, ìyẹn ohùn kejì tó ń gbe ohùn kìíní. Bó bá ń sọ̀ nígbà tí ohùn kìíní ń gòkè, ọ̀rọ̀ méjì ni ará ìjọ máa gbọ́ pọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jọ gòkè, kí wọ́n jọ sọ̀. Dùùrù lè rìn bó ṣe fẹ́, kò kúkú ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ìyà yìí ti jẹ orin ìsìn tá a túmọ̀ sórí ohùn òyìnbó tipẹ́, T. K. E. Phillips, tó tẹ dùùrù ní Cathedral Church of Christ l'Ékòó láti 1914 sí 1962, wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ kí ohùn máa tẹ̀ lé ọ̀rọ̀.

Kẹ́ ẹ tó gbé e jáde, ẹ kọ ọ́ láìsí ìlù, láìsí dùùrù, fún ẹni tí kò rí ìwé rẹ̀ rí. Kó má jẹ́ akọrin yín, ó ti mọ̀ ọ́n. Kó má sì jẹ́ ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì gba ẹnu rẹ̀, àbá lásán ló máa dá. Ẹ wá ẹni tó ń fi Yorùbá nájà, kó sọ ohun tó gbọ́ padà fún yín ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá sọ òdì, ibẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ padà sí.