Abẹ́ òkúta ni iṣẹ́ wà

Ẹ ní ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé yín le koko, pé ṣé ẹ ò kúkú lè da yanrìn lé e, kí ẹ máa to òkúta títẹ́ lọ fúnra yín láìgbẹ́lẹ̀. Bí mo ṣe ṣe tèmi nígbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Kò pé ọdún kan tí òkúta kan fi rì, tí èkejì rẹ̀ yọrí, tí ìyá mi sì fi ẹsẹ̀ kọ ọ́. Mo tú gbogbo rẹ̀.

Ilẹ̀ tó le nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í le mọ́ tó bá ti mumi yó. Nígbà kejì, mo gbẹ́ ẹ tó 20 sẹ̀ǹtímítà: 10 fún òkúta wẹ́wẹ́, 4 fún yanrìn, 6 fún òkúta títẹ́ gan-an. Ẹ má ra òkúta wẹ́wẹ́ tí gbogbo rẹ̀ tóbi bákan náà. Èyí tó ní ńlá, kékeré àti lẹ́búlẹ́bú ló máa ń di ara wọn mú. Ẹ dà á lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fi ẹ̀rọ tó ń gún ilẹ̀ gún un mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan. Igi ni mo kọ́kọ́ fi gún tèmi, mo rò pé ó tó, àfi ìgbà tí mo yá ẹ̀rọ tí ilẹ̀ tún wọlẹ̀ sí i.

Yanrìn ò sí fún dídí kòtò o. Tí òkúta wẹ́wẹ́ bá rí gbágungbàgun, òun ni kí ẹ tún ṣe. Ibi tí yanrìn bá ti nípọn jù ló máa rì.

Ti omi ló dùn mí jù, torí ògiri pálọ̀ ló jìyà rẹ̀. Èyí tí mo kọ́kọ́ tẹ́ dagẹ̀rẹ̀ sára ilé, omi ń ṣàn lọ bá ògiri, ni ọ̀dà bá ń bó. Ní mítà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fi jìnnà sí ilé, kí ilẹ̀ fi bíi 1.5 sẹ̀ǹtímítà rẹlẹ̀ sí i. Mítà 4, sẹ̀ǹtímítà 6. Ẹ ta okùn sórí èèkàn kí ẹ fi mọ̀ ọ́n. Bí rọ́bà tó ń dènà ọ̀rinrin bá wà nínú ògiri yín, kí ojú òkúta fi 15 sẹ̀ǹtímítà wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Títò fúnra rẹ̀ ò le. Ẹ ṣáà fi kọnkéré di etí rẹ̀ kí òkúta má baà máa ṣí kúrò lára wọn, kí ẹ sì gbá yanrìn gbígbẹ sí àárín wọn.

Ẹ wádìí ibi tí páìpù omi gbà kí ẹ tó ki ṣọ́bìrì bọlẹ̀. Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀. Ẹ sì ti wá ibi tí ẹ máa kó erùpẹ̀ sí, torí ó máa ń wú tí wọ́n bá ti gbẹ́ ẹ. Oṣù mẹ́ta ni tèmi fi wà níwájú ilé.