Ṣé kọ́ìlì fépù téèyàn wé fúnra ẹ̀ dáa ju ti kọ́ńpìnnì lọ?

Ó dá lórí ohun tó ò ń wá o. Kọ́ìlì ni wáyà wíwé tó ń gbóná nínú fépù, ìyẹn sìgá oníbátìrì, tó ń sọ omi inú ẹ̀ di èéfín. Tó bá jẹ́ owó lò ń rò, èyí tó o fọwọ́ ara ẹ wé ló máa dín ìnáwó kù, torí róòlù kan ṣoṣo wáyà Kanthal (irú wáyà tí wọ́n fi ń wé kọ́ìlì) àti òwú díẹ̀ tó ń fa omi fépù á ṣe kọ́ìlì tó pọ̀ gan-an, tí òwú bá sì ti jóná wàá kàn pààrọ̀ ẹ̀ ni, wáyà yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ti kọ́ńpìnnì ńkọ́? Tó bá ti ń rùn bíi nǹkan tó jóná, gbogbo ẹ̀ lo máa jù nù. Àmọ́ kò ní wàhálà, wọ́n ti kọ ohm ẹ̀ (bó ṣe ń dènà iná tó) àti watt tó gbà (agbára iná) sára ẹ̀, èmi ò tiẹ̀ rí ìdí tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fi máa wé tiẹ̀.

Tó o bá ṣáà fẹ́ wé e, jẹ́ kí iná bátìrì wọ inú ẹ̀ kó o tó ki òwú bọ̀ ọ́: àárín ló yẹ kó kọ́kọ́ pọ́n, kó wá tàn dé ẹ̀gbẹ́. Tí ojú kan bá dá pọ́n, wáyà ò tò dáadáa nìyẹn, rọra fi twísà (ẹ̀mú kékeré) fún un pọ̀. Kó o sì wọn ohm ẹ̀, jọ̀ọ́! Bátìrì tó kún, 4.2V, lórí 0.5 ohm á fa iná 8.4A (ampere), àmọ́ lórí 0.1 ohm 42A ni, bátìrì 18650 (irú tó wọ́pọ̀ nínú fépù) ò lè gbé ìyẹn, ó lè gbiná mọ́ ẹ lọ́wọ́, pàápàá tí ẹ̀rọ ẹ ò bá ní ṣíìpù tó máa dá a dúró. RDA tàbí RTA, ìyẹn orí fépù tó láyè téèyàn lè de kọ́ìlì tó wé mọ́, lo sì máa nílò, táǹkì lásán ò gbà á.