Ajá mi fo fẹ́ǹsì, ìgò gé e lẹ́sẹ̀: ṣé kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Ìbàdàn ni mò ń gbé. Lóru àná, Bingo, ajá ilé wa, fo fẹ́ǹsì tẹ̀lé abo ajá kan. Ìfọ́ ìgò tí wọ́n rì mọ́ orí fẹ́ǹsì gé e ní àtẹ́lẹsẹ̀ iwájú, ti òsì. Ẹ̀jẹ̀ tó dà sílẹ̀ ní kọ̀rọ́dọ̀ wa kì í ṣe kékeré, àmọ́ ó ti dá báyìí. Ó ń tiro díẹ̀, ó sì jẹun láàárọ̀. Aládùúgbò mi ní kí n da sípírítì sí i, kí n tú kápúsù tetracycline lé e lórí. Ìyá mi ní epo pupa ni kí n fi pa á. Ó tún ní ihò kékeré méjì lọ́rùn, ṣùgbọ́n ìyẹn ò tiẹ̀ ṣẹ̀jẹ̀. Ṣé ọ̀rọ̀ yìí tó ohun tí èèyàn ń náwó dókítà sí, àbí kí n tọ́jú rẹ̀ nílé?

ÌDÁHÙN: Ẹsẹ̀ lẹ bi mí léèrè, ọrùn ló ń kọ mí lóminú.

Akọ ajá tó tẹ̀lé abo jáde lóru, tó wá gbé ihò méjì bọ̀ wálé lọ́rùn, ó dájú tán lójú mi pé ó bá akọ mìíràn pàdé ni. Eyín ló dá ihò yẹn, kì í ṣe ìgò. Mo mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ló máa ń já èèyàn láyà, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó ṣàn lẹ́sẹ̀ Bingo ti gbá díẹ̀ nínú ìdọ̀tí ibẹ̀ jáde. Ti ọrùn ò rí bẹ́ẹ̀. Eyín ajá gùn, awọ ọrùn rẹ̀ sì dẹ̀. Bí eyín bá wọlé, tí àwọn méjèèjì wá ń fa ara wọn, ẹran abẹ́ awọ á ya. Bí eyín bá jáde tán, awọ á padà bo ojú ibẹ̀ bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Irun, itọ́ àti kòkòrò ẹnu ajá kejì ti há sínú. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́rin, ibẹ̀ á wú, á gbóná, á sì gba ọyún.

Mẹkáníìkì kan gbé ajá tó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wá bá mi nígbà kan. Ihò kan ṣoṣo ni, kò fẹ̀ ju ìdí bírò lọ. Ọjọ́ karùn-ún nìyẹn, ó ní òun rò pé yóò jiná fúnra rẹ̀ ni. Mo fá irun ibẹ̀, mo là á, ọyún tó jáde tó kọ́ọ̀pù kan, ìdin sì ń rìn nínú rẹ̀. Ajá náà yè, ṣùgbọ́n owó tó san lọ́jọ́ náà dun èmi pàápàá tí mo gbà á.

Nítorí náà, ẹ gbé Bingo lọ lónìí. Ẹ mú káàdì àjẹsára rẹ̀ dání, torí ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò béèrè ni ìgbà tó gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kẹ́yìn. Bó bá ti ń gbà á déédéé, wọ́n á fún un ní òmíràn lójú ẹsẹ̀, wọ́n á sì ní kí ẹ máa ṣọ́ ọ. Bí kò bá gbà á rí, ọ̀rọ̀ yóò gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má fi pa mọ́ fún wọn. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan ọrùn yẹn, itọ́ ajá kejì lè wà nínú irun rẹ̀. Bí ọwọ́ yín bá ti bó tẹ́lẹ̀ tí ẹ sì ti fi kàn án, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kí ẹ lọ sí ọsibítù èèyàn lónìí kan náà. Bí dìgbòlugi bá ti fojú hàn lára èèyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń là á já.

Ó wá ku ẹsẹ̀. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ fi báńdéèjì di ẹnu rẹ̀, kí ẹ so ó sẹ́yìn etí láìjẹ́ kó ha ihò ọrùn. Ajá tí ara ń ro kò mọ olówó rẹ̀. (Bó bá ń bì tàbí tí èémí ń nira fún un, ẹ má dì í lẹ́nu o.) Ẹ bu ìdajì lítà omi tó ti hó tó sì ti tutù, ẹ fi iyọ̀ ṣíbí tíì kan sí i, kó má kún bo ṣíbí. Ẹ fi síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ fọ́n ọn sójú ọgbẹ́ títí yóò fi mọ́, ẹ wo àárín ìka pẹ̀lú, ibẹ̀ ni ìfọ́ ìgò máa ń sá pamọ́ sí. Èyí tó bá yọrí díẹ̀, ẹ yọ ọ́. Èyí tó bá rì jìn, ẹ fi í sílẹ̀ fún dókítà. Ẹ wá fi aṣọ mímọ́ wé e, kó má le débi tí ìka á fi wú. Bó bá fẹ́ jáde, ẹ wọ nọ́ọ̀nù sí i, bó bá wọlé kí ẹ bọ́ ọ, kí ẹsẹ̀ má baà rin síbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni kí ẹ máa pààrọ̀ aṣọ náà.

Ẹ fi sípírítì sílẹ̀. Á ta á dóró, á sì jó ẹran tuntun tó fẹ́ hù. Ẹ̀bù inú kápúsù náà á kàn dì mọ́ ọgbẹ́, á sì di ìdọ̀tí mọ́ inú. Epo pupa Màmá kò ní í pa á bó bá lá a, ṣùgbọ́n iyanrìn ni yóò máa kó. Ẹ̀yin kò dárúkọ ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, mo dúpẹ́, torí mo ti rí ajá tí wọ́n fi wẹ̀ látòkè délẹ̀. Májèlé ni, ajá á sì lá a mì. Bákan náà, ẹ má fún un ní Panadol tàbí ibuprofen tàbí diclofenac nítorí pé ó ń tiro. Kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ ajá ò lè gbé oògùn ìrora tiwa.

Ká ní ẹsẹ̀ nìkan ni, ǹ bá ní kí ẹ jókòó sílé: ọgbẹ́ tí kò là gbẹ̀ẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ti dá, tí ajá sì ń jẹun tó ń tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀ bó tilẹ̀ ń tiro, ó máa ń jiná bí ẹ ò bá jẹ́ kó máa lá a. Ẹ gé ìdí garawa ike kékeré kan, kí ẹ fi sí i lọ́rùn bí àrọ (ti Bingo, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà nítorí ihò yẹn). Ìgbà wo wá ni ẹsẹ̀ di ti dókítà? Bí ẹ bá fi aṣọ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìṣí i wò tí ẹ̀jẹ̀ ò sì dá. Bó bá là débi tí ẹ fi ń rí ẹran inú, kí ẹ sì yára pẹ̀lú èyí, torí ọgbẹ́ tí a bá rán láàárín wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ máa ń jiná dáadáa ju èyí tó sun mọ́jú. Bí kò bá lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ rárá lọ́jọ́ kejì, tàbí tó ń rùn. Bí erìgì rẹ̀ bá funfun, ẹ má tiẹ̀ dúró fọ ohunkóhun.

Ti owó: Ìbàdàn lẹ wà, ilé ìwòsàn ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn wà ní tòsí yín. Ẹ béèrè iye rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, kò sí ìtìjú níbẹ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi èmi náà.

Kí ẹ tó gbéra, ẹ béèrè láàárín àdúgbò ajá tó bá Bingo jà. Bí ẹ bá rí olówó rẹ̀, ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó so ó mọ́lẹ̀, kí wọ́n máa fún un lóúnjẹ, kí wọ́n má pa á, kí wọ́n sì ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Bí ajá yẹn bá kú tàbí tí ìwà rẹ̀ yí padà láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ẹ pe dókítà yín lójú ẹsẹ̀, ì báà ṣe òru.