Ìgbéyàwó ọmọ mi ní La Paz: ṣé ẹni tó jẹ́ AS lè gun òkè yẹn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ìbàdàn ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Ọmọ mi ọkùnrin tó lọ kàwé ní São Paulo ti rí ìyàwó. Ọmọ Bolivia ni ọmọbìnrin náà, ìlú La Paz ni àwọn òbí rẹ̀ sì fẹ́ kí a ti ṣe ìgbéyàwó, ní Sátidé kan nínú oṣù Kẹjọ. Wọ́n ní ìlú náà ga débi pé àlejò kì í mí délẹ̀ níbẹ̀. Ẹni ọdún 57 ni mí, mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, mo sì ń lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́. AS ni genotype mi. Ọmọ àbúrò mi, obìnrin, ẹni ọdún 24, SS ni òun, ó sì ti ń yọ̀ mọ́ ìrìn àjò yìí. Aṣọ ẹbí rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ télọ̀. A fẹ́ dé ní Ọjọ́bọ̀, kí a sinmi ní ọjọ́ Ẹtì, kí ìgbéyàwó wáyé ní Sátidé. Mo gun Òkè Ìdànrè ní ọdún méjì sẹ́yìn, kò sì rẹ̀ mí. Ṣé ewu wà níbẹ̀ lóòótọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra o, Mà. Ẹ̀yìn ìyàwó kò ní mẹní. Mo mọ̀ pé owó tíkẹ́ẹ̀tì ló wà lọ́kàn yín báyìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí. Ẹ̀yin lè lọ, bí ẹ bá yí ètò ìrìn àjò náà padà. Ọmọ àbúrò yín kò gbọdọ̀ dé La Paz. Ó dùn mí láti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo sì máa padà sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Òkè Ìdànrè tí ẹ gùn kò fi bẹ́ẹ̀ ju 900 mítà lọ. Chappal Waddi, òkè tó ga jù lọ ní Nàìjíríà, 2,419 mítà ni. Àárín ìlú La Paz wà ní nǹkan bí 3,600 mítà, pápákọ̀ òfurufú wọn tó wà ní El Alto sì ju 4,000 mítà lọ.

Nígbà tí èmi fúnra mi lọ, mo gbé chin-chin dání nínú ọ̀rá tí wọ́n fi iná lẹ̀ lẹ́nu. Bí mo ṣe ṣí báàgì mi ní El Alto, ọ̀rá náà ti wú bíi bọ́ọ̀lù, ó le gbandi lọ́wọ́ mi. Ẹnikẹ́ni kò fẹ́ atẹ́gùn sí i. Afẹ́fẹ́ Èkó tó wà nínú rẹ̀ ló ń ti ọ̀rá síta, nítorí afẹ́fẹ́ ìta kò wúwo tó mọ́ láti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ohun tó ń ṣe ara àlejò níbẹ̀ náà nìyẹn. Ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ Èkó ni ọ́síjìn, bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní La Paz. Ohun tó dín kù ni agbára tó ń tì í wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Nínú èémí kan ṣoṣo, ọ́síjìn tí ẹ máa rí gbà sínú níbẹ̀ kò ju bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ti Ìbàdàn lọ.

Kò sí bí ẹsẹ̀ ṣe lágbára tó tó lè yẹ èyí sílẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 2009, ikọ̀ Argentina tí Messi wà nínú rẹ̀, tí Maradona jẹ́ kóòṣì rẹ̀, lọ gbá bọ́ọ̀lù ní La Paz. Àmì ayò 6-1 ni Bolivia fi nà wọ́n. Bóyá òkè nìkan kọ́ ló fà á, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń sáré lójoojúmọ́ ni wọ́n. Ohun tí ara ń béèrè lókè ni àsìkò. Ó ní láti kọ́ bí a ṣe ń mí yára, kí kíndìnrín tún bá a tún ẹ̀jẹ̀ ṣe, ọjọ́ mélòó kan sì ni ìyẹn ń gbà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ wó ètò Ọjọ́bọ̀ yẹn palẹ̀. Ẹni tó bá ti ibi tó rẹlẹ̀ wọ ọkọ̀ òfurufú dé La Paz ní ọ̀sán, alẹ́ ọjọ́ náà tàbí òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni orí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, tí èébì á máa gbé e, tí òòyì á máa kọ́ ọ, tí oúnjẹ kò ní wù ú, tí oorun kò sì ní kun ojú rẹ̀. Ọjọ́ kìíní àti ìkejì ló máa ń le jù. Bí ẹ bá dé ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an ni ara á ṣì máa ro yín, bẹ́ẹ̀ ìyá ọkọ kì í rí ibi jókòó sí lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ balẹ̀ sí Santa Cruz de la Sierra. Ìlú ńlá ni ní Bolivia kan náà, nǹkan bí 400 mítà péré ló fi ga, ooru ibẹ̀ kò sì ní ṣàjèjì sí yín. Ẹ sùn níbẹ̀ ní òru kan tàbí méjì kí àárẹ̀ ọkọ̀ kúrò lára. Láti ibẹ̀, ẹ lọ sí Cochabamba, tó wà ní nǹkan bí 2,550 mítà, kí ẹ lo òru mẹ́ta níbẹ̀. Ìgbà náà ni kí ẹ wá gòkè lọ sí La Paz, kí ó sì ku ọjọ́ mẹ́ta, ó kéré tán, sí ọjọ́ ìgbéyàwó. Owó òtẹ́ẹ̀lì á pọ̀ sí i, mo mọ̀. N kò lè bá yín gé e kúrò.

La Paz rí bí àwo kòtò: bí ẹ bá ṣe ń sọ̀ lọ sí apá gúúsù rẹ̀ ló ń rẹlẹ̀ sí i. Àdúgbò Calacoto wà ní nǹkan bí 3,300 mítà, nígbà tí El Alto ga jù ú lọ ní nǹkan bí 800 mítà. Ẹ bẹ àwọn àna yín kí wọ́n wá ibi tí ẹ máa sùn sí ìsàlẹ̀, nítorí ibi tí èèyàn sùn sí ló ń ṣe é ní jàǹbá ju ibi tó rìn dé lọ́sàn-án lọ. Bí ó bá di pé ẹ fẹ́ lọ kí ẹbí ní òkè, ẹ wọ Mi Teleférico, ọkọ̀ orí wáyà tí wọ́n ń lò níbẹ̀ láti ọdún 2014. Ẹ má gun àtẹ̀gùn. Ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, kí ẹ jẹ oúnjẹ díẹ̀ díẹ̀, kí ẹ máa mu omi bí òùngbẹ bá ti ń gbẹ yín, kí ẹ má fẹnu kan ọtí, kí ẹ má sì lo oògùn oorun. Bí ẹ bá gbọ́ lóru tí ẹni tó sùn tì yín dákẹ́ mímí fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, tó wá mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má bẹ̀rù. Bí oorun ṣe ń rí lókè nìyẹn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ AS yín. Bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló jẹ́ AS nílẹ̀ wa, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ wọn, tí wọ́n ń bímọ wọn, tí ohunkóhun kò ṣe wọ́n. Ọ̀pọ̀ irú wọn náà ló ń gun òkè tí wọ́n sì ń sọ̀ láyọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ́síjìn bá fà sẹ́yìn gan-an, èyí tó jẹ́ S nínú ẹ̀jẹ̀ lè so mọ́ra, kí sẹ́ẹ̀lì pupa tẹ̀ kọdọrọ bíi dòjé. Ibi tí èyí ti ń kọ́kọ́ hàn lára ẹni AS ni ẹ̀yà ara tí a ń pè ní spleen, tó fara pamọ́ sábẹ́ egungun ìhà òsì, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kì í yára kọjá níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á há, apá kan spleen náà á sì kú. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì lẹ́yìn tí èèyàn bá dé òkè ló sábà ń ṣẹlẹ̀: ìrora líle lábẹ́ ìhà òsì, tó lè yọ dé èjìká òsì, pẹ̀lú èébì, nígbà mìíràn pẹ̀lú ibà.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé dókítà tí kò bá mọ̀ pé ẹ jẹ́ AS lè sọ pé oúnjẹ ló ba yín nínú jẹ́, tàbí pé òkè lásán ni. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan ní èdè Sípáníìṣì, kí ẹ fi í sínú pọ́ọ̀sì yín: «Soy portadora de hemoglobina AS, rasgo falciforme. Me duele el costado izquierdo.» Ohun tó ń sọ ni pé ẹ jẹ́ AS, àti pé ìhà òsì ń dùn yín. Bí ìrora náà bá mú yín, ẹ má dúró dọ̀la. Ilé ìwòsàn, ọ́síjìn, kí ẹ sì sọ̀ kalẹ̀.

Kí ẹ tó san owó kankan, ẹ tún àyẹ̀wò genotype yín ṣe ní ilé àyẹ̀wò mìíràn. Mo ti rí ẹni tó mú ìwé AS wá, tí àyẹ̀wò kejì wá fi hàn pé SC ni, èyí tó jẹ́ àìsàn bíi ti SS. Bó bá jẹ́ SC ni, ìdáhùn mi yí padà pátápátá. Kí wọ́n wo bí ẹ̀jẹ̀ yín ṣe pọ̀ tó pẹ̀lú, pàápàá bí ibà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe yín.

Ọmọ àbúrò yín ńkọ́? Ẹni SS kò ní A kankan tó máa gbà á sílẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́ta ọ́síjìn tó dín níbẹ̀ lè dá ìrora gbogbo egungun sílẹ̀, ó lè kan àyà, ó lè kan ọpọlọ. Kò sí hóró oògùn kan tí mo lè fún un tó máa sọ La Paz di ibi tó lè dé. Ṣùgbọ́n Santa Cruz kò ga. Bí dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ bá gbà pé ó lè wọ ọkọ̀ òfurufú, tí ara rẹ̀ sì ti dá ṣáṣá fún ìgbà díẹ̀ kó tó gbéra, ó lè dé ibẹ̀. Inú ọkọ̀ òfurufú pàápàá rí bí ibi tó ga tó nǹkan bí 1,800 sí 2,400 mítà, nítorí náà kí ó máa mu omi dáadáa, kí ó máa dìde rìn, kí ó sì fi aṣọ òtútù bo ara.

Ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń gòkè díẹ̀ ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n tiyín dání, kí oògùn yín wà nínú báàgì ọwọ́, kí ẹ má dá a dúró. Oògùn kan wà tó ń mú kí ara tètè mọ òkè, acetazolamide, tí àwọn èèyàn mọ̀ sí Diamox. 125 mílígíráàmù ni a sábà ń lò láàárọ̀ àti lálẹ́, láti ọjọ́ tó ṣáájú ìgòkè títí di ọjọ́ kejì lẹ́yìn tí ẹ bá dé. Ó máa ń mú ni tọ̀, ó sì máa ń jẹ́ kí ọmọ ìka máa ta ni jìnnìjìnnì. Ẹ má fúnra yín rà á ní kẹ́místì: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn náà ń mú ni tọ̀, àwọn méjèèjì lè jọ fa iyọ̀ ara gbẹ. Bí Septrin tàbí Fansidar bá sì ti ṣe yín ní jàǹbá rí, ẹ sọ fún dókítà yín.

Wọ́n á fi tíì ewé koka ṣe yín lálejò. Kò lòdì sófin níbẹ̀, ẹ lè mu ún bí ẹ bá fẹ́, àmọ́ kì í ṣe ohun tó lè rọ́pò ìsinmi. Ẹ má gbé ewé kan ṣoṣo bọ̀ wálé, ọ̀rọ̀ NDLEA ni. Bí ẹ bá sì ń gbèrò láti se jọ̀lọ́ọ̀fù fún àwọn àna, omi ń hó níbẹ̀ kó tó gbóná tó tiwa, ní nǹkan bí 88 lórí ìwọ̀n Sẹ́ẹ̀síọ́ọ̀sì. Ẹ wá pressure pot, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìrẹsì á máa le nínú. Òtútù òru oṣù Kẹjọ mú gan-an. Oòrùn ọ̀sán ń jó awọ dúdú náà, ètè á sì máa là: ẹ mú òrí dání.

Ohun mẹ́ta ni kò gbọdọ̀ fara sin fún ẹnikẹ́ni nínú yín. Ẹni tí kò lè mí délẹ̀ bó tilẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́. Ẹni tó ń wúkọ́ tí ìfófòó pupa rẹ́súrẹ́sú ń bá a jáde. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tí kò bára mu, tàbí tí kò lè fi gìgísẹ̀ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ kejì kó tọ ìlà tààrà. Ọ́síjìn ni kí wọ́n kọ́kọ́ fún un ní ilé ìwòsàn, kí wọ́n sì ṣètò bó ṣe máa fò lọ sí Santa Cruz. Bí ẹnì kan bá sọ pé kí ẹ gbé e sínú mọ́tò lọ sí Coroico torí pé ibẹ̀ rẹlẹ̀, ẹ má gbà: ọ̀nà náà ń kọ́kọ́ gun La Cumbre kọjá, ní nǹkan bí 4,650 mítà, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀.

Bolivia ń béèrè káàdì ibà pọ́njú lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá. Bí ẹ kò bá ní in, abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ mẹ́wàá lára yín kí ẹ tó wọ̀lú.

Lónìí yìí, kí ẹ tó pe ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ pe ọmọ yín. Ẹ béèrè bóyá àwọn àna lè sọ̀ wá sí Santa Cruz fún ìdána, bó tilẹ̀ jẹ́ alẹ́ ọjọ́ kan péré, kí ẹ tó gòkè. Bí wọ́n bá gbà, ẹ sọ fún télọ̀ kó máa rán aṣọ ọmọ àbúrò yín lọ.